Ohùn Ọmọ Wa Láàrin Àwọn Òyìnbó: Ìtàn David Oyelowo, Òṣèré

Àwọn àgbà wí pé ẹyin lohùn. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ọ̀rọ̀ ohùn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, nítorí pé ohùn kan tí mo gbọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ni ó mú mi gbé kálámù, ọ̀rọ̀ tí ó sì tẹ̀lé e kò jẹ́ kí n fi ojú kan oorun fún òru mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀dọ̀ wa ní Snake Island mọ̀ pé erékùṣù náà gùn, ó sì tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ lórí omi bí ejò, èyí tí ó mú kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ni mo ń ṣe ní Apapa, níbi tí a ti ń kọ iye ẹrù tí ó ti inú ọkọ̀ òkun sọ̀kalẹ̀. Ní òwúrọ̀ èmi a wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, ní ìrọ̀lẹ́ èmi a sì wọ̀ ọ́ padà, nítorí náà, kò sí ìròyìn tí ń lọ ní Apapa àti Ajegunle tí n kò ní gbọ́ nínú ọkọ̀ náà kí ó tó di ọ̀rọ̀ ìwé ìròyìn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ọmọbìnrin mi àgbà jọ ń ti Apapa bọ̀. Ọmọdékùnrin kan jókòó lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀, ó ń wo eré àwòrán nínú fóònù. Kìnnìún búburú kan ni ó ń sọ̀rọ̀ láti àárín iná. Ohùn náà jinlẹ̀, ó dùn, síbẹ̀ ìkà wà nínú rẹ̀ bí eegun ti í wà nínú ẹja. Ni ọmọbìnrin mi bá fẹnu sí mi létí pé, “Bàbá, ọmọ Yorùbá ni ó ń sọ̀rọ̀ yẹn.” Àgbàlagbà kan tí ó jókòó níwájú wa, tí àwọ̀n ìpẹja rẹ̀ wà lórí eékún rẹ̀, gbọ́ ọ, ó sì wí pé, “Ọmọ mi, má tan bàbá rẹ jẹ. Èwo ni Yorùbá nínú èyí? Òyìnbó pọ́ńbélé ni.” Ọmọ mi dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, Bàbá. David Oyelowo ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni bàbá tí ó bí i.” Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ohùn kìnnìún náà, gbogbo èrò ọkọ̀ sì pariwo. Ọmọdékùnrin nì gbójú sókè, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó sì tún ń wo fóònù rẹ̀, kò mọ èwo ni kìnnìún gan-an.

Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Ìdí rẹ̀ ni pé ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó gbé wa lọ sí Apapa ní ọjọ́ náà, a sì ń padà bọ̀ láì ṣe é. Ẹ̀kọ́ òfin ni mo ní lọ́kàn fún ọmọ yìí láti ìgbà tí ó ti wà ní kékeré; àfi ìgbà tí a dé iwájú ẹni tí yóò kọ orúkọ rẹ̀ tí ó wí pé ẹ̀kọ́ eré ìtàgé ni òun fẹ́ kọ́. Níṣojú àwọn ènìyàn níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi, tí mo wí pé, “Èmi kò fi owó oṣù ogún ọdún rán ọmọ lọ sí ilé ìwé kí ó tó wá di alágbe.” Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ẹyin ti bọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni ó sì kù kí wọ́n ti ìwé ìforúkọsílẹ̀ náà.

Nígbà tí a délé, tí gbogbo ilé sùn, ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọkùnrin tí ń jẹ́ Oyelowo yìí. Kí n má purọ́ fún yín, àbùkù ni mo ń wá. Mo fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ náà ti já ènìyàn kulẹ̀, kí n lè fi hàn án lówùúrọ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi kà nípa rẹ̀, ohun tí mo sì rí ni mo ń mú wá fún yín yìí.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ́nà yìí ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, ọmọ Èkó tiwa, Orlando Martins. Ní òpópó Òkè-Sùnà ní Erékùṣù Èkó ni a ti bí i ní ọdún 1899. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìran rẹ̀ ti ilẹ̀ Brazil wá ni bàbá rẹ̀. Ó wọ ilé ìwé Eko Boys’ High School ní 1913, ṣùgbọ́n kò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà Ogun Ńlá àkọ́kọ́, ó di ẹni tí ń ko èédú sínú iná ọkọ̀ òkun Mauretania. Nígbà tí ogun náà sì parí, ó fi London ṣe ibùgbé. Ó ja ìjàkadì fún owó níbẹ̀, ó sì fi ejò dá àwọn èrò lára yá nínú agbo eré Sanger. Èmi ará Snake Island rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí mo ka èyí, mo sì wí fún ara mi pé àwọn ará wa ti ń bá ejò gbé tipẹ́.

Láti ibẹ̀ ni Martins ti bọ́ sínú eré ìtàgé àti sinimá. Ó wà nínú sinimá Sanders of the River ní 1935, pẹ̀lú Paul Robeson, akọrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Ní 1936 àwọn méjèèjì tún jọ wà nínú eré tí C. L. R. James kọ nípa Toussaint Louverture, akọni tí ó ṣáájú àwọn ẹrú Haiti nínú ogun òmìnira. Ṣùgbọ́n sinimá kan tí ó ṣe ní 1949 ni kò kúrò lọ́kàn mi. The Hasty Heart ni orúkọ rẹ̀, Ronald Reagan tí ó di Ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1981 sì wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní ilẹ̀ Burma ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Àwọn ọmọ ogun láti ilẹ̀ oríṣiríṣi dùbúlẹ̀ síbẹ̀, olúkúlùkù ń sọ tẹnu rẹ̀. Martins ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà láàrin wọn. Blossom ni wọ́n ń pè é. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá, orúkọ rẹ̀ yìí sì ni ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ ọ́n wí. Ó fi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ta ará Scotland tí ó ń kú lọ lọ́rẹ, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì fi sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ro ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin ńlá, ọmọ Èkó, tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún nílẹ̀ àwọn Òyìnbó, tí ó sì gbọ́ èdè wọn dáadáa, ni wọ́n fún ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ rí i, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ gbọ́ ọ. N kò sọ èyí láti tàbùkù Martins. Ohun tí wọ́n bù fún un ni ó jẹ, ó sì fi iyì jẹ ẹ́. Ó padà sí Èkó ní ọdún 1959, ọdún kan náà tí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ó wà nínú sinimá Kongi’s Harvest ní 1970, ó sì jáde láyé ní Èkó ní 1985. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa wí pé pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1976, nígbà tí Martins ṣì wà láàyè ní Èkó, a bí ọmọkùnrin kan ní ìlú Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Edo. David ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n sì fi Oyètòkunbọ̀ tì í. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ó yẹ kí a túmọ̀ orúkọ yìí fún: oyè ti òkè òkun bọ̀. London ni ó gbé títí ó fi di ọmọ ọdún mẹ́fà. Nígbà náà ni àwọn òbí rẹ̀ kó padà sí Èkó, tí bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ti orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n fi ọmọ sí ilé ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́ wọn bí a ti ń tọ́ ọmọ ogun. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí ìdílé náà tó padà sí London, wọ́n sì fi agbègbè Islington ṣe ilé.

Ọdún mẹ́jọ tí ó lò lọ́dọ̀ wa yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ó ti sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn lọ́pọ̀ ìgbà pé ibẹ̀ ni òun ti rí agbára tí òun fi dúró nígbà tí òun dàgbà. Nítorí ní Èkó, àwọ̀ ara rẹ̀ kò yà á sọ́tọ̀ láàrin ẹgbẹ́. Dókítà, ọlọ́pàá, adájọ́, olè àti alùfáà, gbogbo wọn ni ó jọ ọ́. Ó wí pé ìdílé ọba ní ìlú Awẹ́ ni òun ti wá, bẹ́ẹ̀ ni òun kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́ lẹ́nu bàbá òun àfi ìgbà tí òun dé ilé. Nígbà tí ó wá padà sí London tí àwọn ènìyàn sì ń wò ó gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò tó nǹkan, ó pẹ́ jù. Ó ti mọ ẹni tí òun í ṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ilé ẹ̀kọ́ City and Islington College, olùkọ́ kan ni ó rí ẹ̀bùn tí ń bẹ lára rẹ̀, tí ó sì gbà á níyànjú pé kí ó fi eré ṣe iṣẹ́. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣèré tí ń jẹ́ London Academy of Music and Dramatic Art, ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó sì jáde ní 1998. Ẹ ṣàkíyèsí èyí, ẹ̀yin òbí: ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi kọ́ ọ ní mímí, ní dídúró àti ní pípe ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ́ agbẹjọ́rò ní ìwé òfin. Ní 1999 ó wọ ẹgbẹ́ Royal Shakespeare Company, ó sì wà lára àwọn tí ó ṣe eré Oroonoko, ìtàn ọmọ aládé Áfíríkà tí wọ́n tà sóko ẹrú. Ọmọ Yorùbá ni ó tún ìtàn àtijọ́ náà kọ fún ìtàgé wọn, èyíinì ni Biyi Bandele, tí ó kú ní Èkó ní 2022.

Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ohun ńlá ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe àwọn eré mẹ́ta tí Shakespeare kọ nípa Henry Kẹfà, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó jọba ní 1422 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún kan. David Oyelowo ni wọ́n fi ṣe ọba náà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú eré Shakespeare ní irú ìtàgé ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bínú nínú ìwé ìròyìn, wọ́n bèèrè pé ta ni ó ti rí ọba Gẹ̀ẹ́sì dúdú rí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà náà. Kò bá wọn jà, ó dé adé, ó sì la ẹnu. Àwọn tí ó wá láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ ni ó sì wá ń yìn ín. Ẹ̀bùn Ian Charleson, tí a ń fún ọ̀dọ́ òṣèré tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ni ó gbà nítorí eré náà. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọmọ tí wọ́n ti wí fún ní Èkó pé ìran ọba ni kò lè jókòó lórí ìtẹ́ bí àlejò.

Láti orí ìtàgé ó bọ́ sínú amóhùnmáwòrán. Láti 2002 dé 2004 ni ó fi ṣe Danny Hunter nínú eré Spooks ti BBC, eré nípa àwọn tí ń ṣọ́ ìlú ní ìkọ̀kọ̀. Nínú ilé kálukú ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí i, wọn a máa jẹun alẹ́ lójú rẹ̀, títí orúkọ Oyelowo kò fi ṣòro mọ́ lẹ́nu wọn. Ní 2009 ó wà nínú Small Island, ìtàn tí Andrea Levy kọ nípa àwọn ará Jamaica tí ó wá gbé London lẹ́yìn ogun. Ní ọdún 2018, nínú eré Les Misérables ti BBC, òun ni ó ṣe Javert, ọlọ́pàá tí kò mọ àánú.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ohùn ni mo ṣèlérí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é. Nínú eré àwòrán, ohùn ni ó sábà máa ń ṣáájú. Òṣèré a wọ yàrá kékeré kan tí ariwo ìta kò lè wọ̀, a dúró níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, a sì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ọ̀nà mẹ́wàá, títí olùdarí yóò fi wí pé ó tó. Kò sí aṣọ, kò sí adé, kò sí ojú tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ìbínú, ẹ̀rù, ẹ̀tàn, ìfẹ́, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun jáde. Lẹ́yìn náà ni àwọn ayàwòrán yóò tó mú ohùn náà, tí wọn yóò sì ya ẹnu àti ara tí ó bá a mu.

Kí ẹ má rò pé ohun àjèjì ni èyí sí wa. Ọmọ ìjọ ni mí, síbẹ̀ mo dàgbà láàrin ìlú, mo sì mọ̀ pé nígbà tí egúngún bá jáde, a kì í rí ojú ẹni tí ń bẹ lábẹ́ ẹ̀kú. Ohùn ni a ń gbọ́, ohùn náà ni ó sì ń lé ọmọdé wọlé tí ó ń mú àgbà kúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì dé Èkó ní 1935, àwọn baba wa pàápàá ń wo ẹ̀yìn àpótí bóyá ènìyàn wà níbẹ̀. A ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ohùn lè dá rìn láìsí ara.

Ní ọdún 2014 ni Oyelowo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún Kallus nínú eré àwòrán Star Wars Rebels, ó sì ń bá a lọ títí eré náà fi parí ní 2018. Aṣojú ìjọba aninilára ni Kallus. Ó ń lépa àwọn tí ń jà fún òmìnira. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọkàn rẹ̀ yí padà, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ohùn kan náà ni, àmọ́ ẹni tí ó bá tẹ́tí yóò gbọ́ ibi tí ọkàn ti ń yí kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́. Kìnnìún inú iná tí a gbọ́ nínú ọkọ̀ ni Scar, nínú eré The Lion Guard. Ní 2015 àwọn arólé Ian Fleming, ẹni tí ó kọ ìtàn James Bond, gbé ìwé tuntun kan jáde, Trigger Mortis, tí Anthony Horowitz kọ. Oyelowo ni wọ́n ní kí ó kà á sórí ẹ̀rọ fún àwọn tí ń fetí kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí James Bond. Ẹni tí ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin, òun ni obìnrin, òun ni ọ̀tá, òun ni ọ̀rẹ́. Ẹnu kan ṣoṣo ni yóò fi kún gbogbo ilé.

Nígbà tí mo ka ibí yìí ní òru kejì, mo pa ìwé dé, mo sì rántí Martins. Nígbà tiwọn, wọ́n fẹ́ ara, wọn kò fẹ́ ohùn. Nísinsìnyí ohùn nìkan ni wọ́n wá ń bẹ̀, tí wọ́n sì ń san owó fún.

Ṣùgbọ́n kí n má fi oyin nìkan bọ́ yín. Ọ̀nà náà há. Ní 2007 Oyelowo kó ìyàwó àti ọmọ kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Los Angeles, ó sì ti wí pé àyè tí ó wà fún irú òun ní ilé kò tó. Ní ọdún kan náà ni ó ka ìwé eré Selma, nípa Martin Luther King. Ó ní Ọlọ́run sọ fún òun pé òun ni yóò ṣe King. Ọdún méje ni ó fi dúró. Olùdarí kan gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Òmíràn gbé e, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Títí ó fi kan Ava DuVernay, tí sinimá náà sì jáde ní 2014. Ẹ sì wo ìdánwò tí ó tún wà níbẹ̀: ẹlòmíràn ni àṣẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí King sọ gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò lè lò wọ́n. DuVernay ní láti hun ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó jọ wọ́n. Oyelowo wá dúró níwájú àwọn èrò, ó sọ ohun tí King kò sọ, síbẹ̀ àwọn ènìyàn gbọ́ King. Mo bi ara mi léèrè pé kí ni wọ́n gbọ́, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀? Ohùn ni. Ọkàn tí ń bẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ ni.

Ní 2016 Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì fi oyè OBE dá a lọ́lá. Oyè ti òkè òkun bọ̀ lóòótọ́. Ní àkókò yẹn náà ni ó fi orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ kan, pẹ̀lú ẹgbẹ́ GEANCO, fún àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ogun Boko Haram bà láyé jẹ́. Ní 2024 ó padà sí ìtàgé National Theatre ní London, ó ṣe Coriolanus. Iṣẹ́ náà kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo pe ọmọ mi sí yàrá. Mo wí fún un pé kí ó gbé ìwé ìròyìn Yorùbá tí ó wà lórí tábìlì, kí ó kà á sí mi létí. Ẹ̀yin ará, ọmọ tí ó ṣe ohùn kìnnìún láì kọsẹ̀, tí ó lè sọ̀rọ̀ bí ará London àti bí ará Amẹ́ríkà, kò lè ka ìpínrọ̀ kan ní èdè bàbá rẹ̀. Ó ń tàsé àmì ohùn, ó ń pe ọkọ̀ ní ọkọ́, ó ń pe ìlú ní ìlù. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ gbà mí. Lẹ́yìn náà ni ojú tì mí, nítorí èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ṣe òfin nínú ilé mi láti ìgbà tí ó ti ń ra kòrò pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a máa bá a sọ, kí ó má baà ṣẹ̀yìn nílé ìwé. Oyelowo, tí a bí sí Oxford, ni àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Èkó kí ó lè mọ ilé. Èmi, tí mo wà nílé, ni mo sọ ilé di Oxford fún ọmọ mi.

Ó gbé ìwé náà kalẹ̀, ó wí pé, “Bàbá, ẹ máa bínú sí mi ni?” Mo ní, “Rárá. Èmi ni kí o dárí jì. Ọ̀rọ̀ alágbe tí mo sọ lójú àwọn ènìyàn kò yẹ ní ẹnu mi.” Ó kúnlẹ̀. A jọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a ń gbọ́ bí ọkọ̀ òkun kan ti ń fọn fèrè rẹ̀ ní ìhà Tin Can. Lẹ́yìn náà ni mo sọ májẹ̀mú mi fún un: mo fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ eré ìtàgé, ṣùgbọ́n ní alaalẹ́ yóò máa ka ojú ìwé Yorùbá kan sí mi létí, èmi yóò sì máa tún un ṣe, títí yóò fi lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní kí n fi í sí méjì.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí, n kò ní purọ́. Òṣèré tí ó jẹun níbi iṣẹ́ yìí kò tó àwọn tí ebi pa níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì rò pé gbogbo ọmọ tí ó lè fi ẹnu ṣe kìnnìún ni yóò di Oyelowo ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí kò rí ẹjọ́ rò náà pọ̀ ní Èkó. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí ni pé kí ọmọ tó gba ọ̀nà èyíkéyìí, kí a ti fi ohun tí kò lè sọnù sí i lẹ́nu: orúkọ rẹ̀, ìtumọ̀ orúkọ náà, àti èdè tí a fi sọ ọ́. Bí ayé bá wá fún un ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ti Blossom, yóò mọ̀ pé òun ní ju bẹ́ẹ̀ lọ nílé. Bí wọ́n bá sì fún un ní gbogbo ìwé bí ti Oyelowo, yóò ní ohun tí yóò fi kà á.

Ní ọjọ́ keje a lọ sí Apapa, a sì forúkọ sílẹ̀. Nígbà tí a ń bọ̀, ta ni a tún bá pàdé nínú ọkọ̀ bí kò ṣe bàbá aláwọ̀n nì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, “Bàbá Akọ̀wé, kìnnìún ọjọ́sí, Òyìnbó ni tàbí Yorùbá?” Mo ní, “Yorùbá ni, Bàbá. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Èmi náà, Òyìnbó ni mo kọ́kọ́ gbọ́.” Ó mi orí, ó tún ọwọ́ bọ àwọ̀n rẹ̀, ó sì wí fún ọmọ mi pé, “Ó dára. Lọ́jọ́ mìíràn, bá wa ṣe é ní Yorùbá kí a lè mọ ohun tí kìnnìún náà ń wí.”

Iṣẹ́ tí ó rán an nìyẹn, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run dá ohùn ọmọ wa sí.